Ẹ Gbà Mí O, Wọ́n Kun Ẹmọ́ṣọ̀n Lé Gílọ́ọ̀sì Lórí!

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnàró. Wọ́n kun ẹmọ́ṣọ̀n lé gílọ́ọ̀sì lórí! Nínú pálọ̀ ọmọlúàbí! Wọn kò fọ̀ ọ́, wọn kò fi sáńpépà kàn án, wọn kò fi puráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí àárín wọn. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe é, tọmọdé tàgbà ń kọjá, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ṣé bí ayé ṣe wá dà nìyí?

Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. N kò ní dárúkọ àdúgbò, torí ojú ń tì mí, bí kò tilẹ̀ ti àwọn tó ṣe é. Àlàájì kan ló ni ilé náà. Ìyáálé rẹ̀ ló yan ọ̀dà pálọ̀ yẹn nígbà kan rí: gílọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé, èyí tó ń dán débi pé èèyàn lè dúró níwájú ògiri kó fi wé gèlè. Àwa kan ń sọ ọ́ lẹ́yìn nígbà náà pé ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, wọ́n kùn ún dáadáa. Wọ́n kùn ún ní sùúrù.

Ìyáálé kó jáde. Ohun tó lé e jáde, ìtàn ọjọ́ mìíràn ni (mo mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí). Kí eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyàwó tuntun ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun kò lè máa jókòó sínú àwọ̀ ewé obìnrin mìíràn. Kírímù ni òun fẹ́. Ẹmọ́ṣọ̀n sátíìnì ni òun fẹ́, èyí tó rọra ń dán, tí kò pariwo, irú tàwọn olówó Lẹ́kì. Wọ́n pe píńtà. Lọ́jọ́ kejì, píńtà ní òun ti parí. Pálọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀! Ìgbà wo ló fọ̀ ọ́? Ìgbà wo ló gbẹ? Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n sanwó, wọ́n pín aṣọ ẹbí, wọ́n ránṣẹ́ pe àlejò síbi àríyá ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ilé kún fọ́fọ́. Ìyàwó jókòó sí àga ńlá níwájú ògiri tuntun, léèsì kírímù ló wọ̀, tó bá ọ̀dà mu rẹ́gí. (Ẹ ò rí ìgbéraga?) Ọmọdékùnrin kan ló tajú kán rí ibi tí ọ̀dà ti wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì iná. Ó fi èékánná tọ́ ọ. Ó dì í mú. Ó fà á. Háà, ọ̀dà náà sì tẹ̀lé e! Kò já, kò fọ́. Ó bó láti ẹ̀gbẹ́ súìṣì, ó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, ó rìn dé ẹ̀yìn orí ìyàwó, ó sì wó lulẹ̀ sórí gèlè rẹ̀. Kí ló sì yọjú lábẹ́ rẹ̀? Àwọ̀ ewé ìyáálé! Ó mọ́ tónítóní, ó ń dán gbinrin, kò ṣá rárá. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ ló wá là á mọ́lẹ̀ pé: “Ìyáálé ń kí yín o!” Ẹ̀rín tó bẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, onílù gan-an kò rí ìlù lù bò ó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ìyáálé ló fi oògùn sí ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyáálé sílẹ̀! Oògùn kankan kò sí níbẹ̀. Epo ló wà níbẹ̀. Ọ̀dà elépo ni gílọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn ọ́síjìn ló ń wọnú epo rẹ̀ tó ń so ó pọ̀, títí tí yóò fi le, tí yóò sì dí pa, tí nǹkan kan kò ní rí ihò wọ inú rẹ̀. Ọ̀dà olómi ni ẹmọ́ṣọ̀n ní tirẹ̀. Omi ń fẹ́ jáde lára rẹ̀, àwọn ẹ̀rún ike kéékèèké inú rẹ̀ á wá fún mọ́ ara wọn di awọ kan ṣoṣo. Awọ yẹn ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ dì mú. Lórí símẹ́ńtì, ó rí. Lórí gílọ́ọ̀sì tí wọn kò ha, kí ni yóò dì mú? Ó kàn sùn lé e lórí ni! Kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn. Ọjọ́ tí ẹni kan bá fà á ni yóò dìde lọ.

Ohun tó yẹ kí píńtà yẹn ṣe, gbogbo ọmọ iṣẹ́ píńtà ló mọ̀ ọ́n. Kó fi ọṣẹ fọ èéfín ìdáná àti epo orí àwọn tó ń fara ti ògiri kúrò. Kó fi sáńpépà ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi kú pátápátá. Kó nu eruku rẹ̀. Kó wá kun puráímà tó lè di ara gílọ́ọ̀sì mú, kó gbẹ, kí ẹmọ́ṣọ̀n tó dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ń rùn ni pé píńtà yìí gba owó sáńpépà! Ó gba owó puráímà! Ó kọ wọ́n sínú ìwé, Àlàájì sanwó rẹ̀ pé. Níbo ni puráímà náà wọlé sí? Àwọn tó rí píńtà ní ìdí ọtí lálẹ́ ọjọ́ kìíní ní àwọn mọ̀ ọ́n.

Ẹ má rò pé òun nìkan ni. Ìwà yìí ti gbilẹ̀. Àwọn kan wà tó ń da bẹntiróòlù sínú gílọ́ọ̀sì nítorí kó lè pọ̀, kó sì tètè gbẹ. Bẹntiróòlù! Nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ máa sùn sí! Lóòótọ́ ó ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ náà ń tètè kú, ilé á máa rùn, ẹni tó bá sì ṣáná níbẹ̀ kó tó fẹ́ tán á rí ohun tó ń wá. Àwọn mìíràn á da omi sínú ẹmọ́ṣọ̀n títí yóò fi di omi ògì, wọ́n á kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ògiri ìsàlẹ̀ á ṣì máa yọjú. Tí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná.” Ó ti gbẹ o! Ibi tó gbẹ dé nìyẹn!

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń fi ìyá oníṣòwò kan ṣe yẹ̀yẹ́ l’Ékòó. Bó bá fẹ́ ra ilé tàbí kó gbà á, òwú àti sípíríìtì ló máa ń gbé sínú báàgì rẹ̀. Wọ́n á máa fi bàlùwẹ̀ hàn án, òun á ti wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á rẹ òwú sínú sípíríìtì, á máa fi ra ògiri. Bí ọ̀dà bá wá sára òwú, ọ̀dà olómi ni. Bí kò bá wá, ọ̀dà elépo ni. Lẹ́yìn náà, á fi abẹ fa ìlà wẹ́wẹ́ gba ara wọn kọjá, á lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á sì já a gbà! Bí ọ̀dà bá bá téèpù wá, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ nìyẹn. Wọ́n ti lé e jáde nínú ilé rí nítorí èyí. Ẹni tí kò ní nǹkan í fi pamọ́, kí ló ń lé èèyàn jáde fún?

Èyí tó wá mú mi gbé ọwọ́ lérí ni ti gbọ̀ngàn tuntun kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti tẹ ọjọ́ ìṣílé sára ife àti táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa pín, ẹ mọ̀ bí a ṣe rí. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Omi ṣì wà lára rẹ̀, ó ṣì tutù lọ́wọ́. Bíríkìlà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ọjọ́ 28 ni àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fún un. Wọ́n ní ta ni yóò dá ife padà? Wọ́n bá kun gílọ́ọ̀sì lé e, ọ̀dà elépo lórí símẹ́ńtì tútù!

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ mọ ọṣẹ dúdú sè, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kí la fi ń se ọṣẹ? Omi eérú tó mú gan-an àti epo, àbí? Símẹ́ńtì tútù náà mú bẹ́ẹ̀. pH rẹ̀ máa ń wà láàárín 12 sí 13. Epo wà nínú gílọ́ọ̀sì. Omi wà nínú ògiri. Kí ló kù? Ọ̀dà di ọṣẹ lára ògiri! Ẹ gbọ́ mi o: ó di ọṣẹ! Ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi pupa rúsúrúsú ń sun jáde lára rẹ̀ ó ń ṣàn wá sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ agbádá funfun fara ti ògiri níbi tí wọ́n ti ń dúró de oúnjẹ, wọ́n sì gbé ògiri lọ sílé lẹ́yìn agbádá. Níbi tí kò ti di ọṣẹ, iyọ̀ funfun ló hù jáde. Wọ́n pín ife náà ṣá. Ife ti pé.

Ti ilé tán, ẹ jẹ́ ká yọjú sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, torí ohun tí wọ́n ń ṣe sára igi níbẹ̀, bí igi bá lè sunkún, à bá ti gbọ́. Ẹnì kan gbé ibùsùn àtijọ́ lọ kí wọ́n tún un ṣe fún ọmọ tó ń ṣègbéyàwó. Ọ̀dà elépo ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Káfíńtà kò bi í léèrè, kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ẹ̀rọ, ó fín lákà lé e lórí. Kò ì tíì gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ fi gbéra, tó wú, tó sì hunjọ látòkè délẹ̀. Tínà tó wà nínú lákà ló lágbára jù, ó wọnú ọ̀dà elépo, ó sì tú u nídìí. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu rèé: bó bá jẹ́ lákà ló wà nísàlẹ̀ tó ti gbẹ, tí wọ́n ha á díẹ̀ kí wọ́n tó kun fáníìṣì elépo lé e, kò ní sí ìjà. Àwọn méjì kan náà ni o! Ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Sáńdìn-sílà náà ńkọ́? Ẹ sún mọ́ mi. Nǹkan tí wọ́n fi ń dí ihò igi ni, kí ojú rẹ̀ lè dán, kí lákà tó dé. Oríṣi ọṣẹ síńkì kan ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó di ìyẹ̀fun wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi sáńpépà ha á. Ohun rírọ̀ ni, kì í ṣe aṣọ òde. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n á kùn ún sára tábìlì lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á fi aṣọ nù ún títí yóò fi dán, wọ́n á sì tà á fún yín pé ó ti parí! Ní ìhòhò ni wọ́n ta tábìlì náà fún yín! Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ọtí tútù lé e lẹ ó rí òrùka funfun lórí rẹ̀. Ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ tí kò mọ nǹkan kan.

Mo tún rí àwọn tó fi fáníìṣì máàtì, èyí tí kì í dán, kun ilẹ̀kùn ìrókò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìrókò! Igi tí ojú rẹ̀ rẹwà tó bẹ́ẹ̀! Ìyẹ̀fun sílíkà ni wọ́n ń dà sínú fáníìṣì máàtì kí ó má bàa dán. Ẹ̀ẹ̀kan kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń kùn ún lérí ara wọn ni ìkùukùu ń bo ojú igi, títí ẹ kò fi ní mọ̀ bóyá ìrókò ni tàbí pákó lásán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi èyí tó ń dán kọ́ ìsàlẹ̀, á ha ojú rẹ̀ díẹ̀, á wá fi máàtì kun èyí tó kẹ́yìn nìkan. Èyí tó kẹ́yìn ni ojú ayé ń rí. Ta ni kò mọ ìyẹn?

Ó ku ọ̀kan tí n kò fẹ́ sọ. Ó dáa, màá sọ ọ́. Ọkùnrin kan, ẹni tó ti ní ọmọọmọ, tó ń jókòó níwájú níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, ní kí wọ́n kun àjà yàrá òun ní gílọ́ọ̀sì. Àjà o! Òkè orí ibùsùn! Gílọ́ọ̀sì dúdú, tó ń dán bíríbírí! Píńtà bi í pé, “Bàbá, ṣé kì í ṣe máàtì funfun?” Bàbá ní kó máa kun ohun tí wọ́n ní kó kùn. Kí ni bàbá àgbà fẹ́ máa wò lókè? Ẹ má dá mi lóhùn. Ọlọ́run kò kúkú gbà fún un. Gílọ́ọ̀sì kì í bo àṣírí ògiri: gbogbo ibi tí tírówẹ̀lì ti yà, gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ pákó àjà pọ̀, gbogbo orí ìṣó, ló ń gbé jáde, pàápàá bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i. Nígbà tí wọ́n tan iná lálẹ́, àjà náà kún fún gegele àti kòtò. Àwọn tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni wọ́n rí i, àwọn náà ni wọ́n sọ ọ́ ní ìgboro.

Ẹ má sọ pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni. Àwọn ọ̀gá tí ayé ń júbà náà ṣe é. Leonardo da Vinci, àgbà ọ̀jẹ̀ ayàwòrán! Láàárín nǹkan bí 1495 sí 1498 ló ya oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn Jésù sára ògiri ilé ìjẹun àwọn ọkùnrin Ọlọ́run kan ní Mílàn, ní Ítálì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé kí wọ́n yà á nígbà tí ògiri ṣì tutù, kí àwọ̀ lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ìyẹn ń fẹ́ kíákíá, òun kò sì fẹ́ kíákíá; ó fẹ́ máa wò ó, kó máa tún un ṣe. Ó bá fi ẹfun tẹ́ ògiri gbígbẹ, ó fi òjé funfun lé e, ó wá ya àwòrán sórí ìyẹn bí ẹni ń yà á sórí pákó. Ọ̀rinrin wà nínú ògiri. Leonardo ṣì wà láàyè tí àwòrán náà ti ń bó! Nígbà tí Giorgio Vasari, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán, débẹ̀ nígbà tó yá, ó ní àbàwọ́n lásán lòun rí. Ní 1652 àwọn ọkùnrin Ọlọ́run yẹn kò tilẹ̀ kà á sí mọ́, wọ́n la ilẹ̀kùn sí ìdí rẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ Jésù dànù. Ẹsẹ̀ Jésù! Láti 1978 títí di 1999 ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ tútù tún ohun tó kù ṣe. Joshua Reynolds, ayàwòrán ará Ìlú Ọba náà, tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ní Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ibẹ̀, máa ń po epo, ìda, oje igi àti bítúmẹ́ẹ̀nì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó gba owó àwọn olówó, ó ya àwòrán wọn tán, ojú wọn sì ń ṣá lára ògiri wọn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé.

Bíbó ni èyí tó rọrùn níbẹ̀; iná ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní February 23, 1991, àwọn tó ń tún pákó ara ògiri ṣe ní àjà kejìlélógún ilé alájà 38 kan fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú epo línsíìdì sílẹ̀, wọ́n lọ sílé. Epo yẹn, bó ṣe ń fa ọ́síjìn láti gbẹ ló ń gbóná. Bí àkísà bá wà ní òkìtì, ooru náà kò rí ibi gbà jáde. Kò sẹ́ni tó ṣáná, iná ràn fúnra rẹ̀. Panápaná mẹ́ta kú. Ẹ wá lọ wo igun ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà tiwa, níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń da àkísà jọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gálọ́ọ̀nù tínà, kí ẹ sọ fún mi bóyá ara yín kò ní bù máṣọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ àwọ̀ obìnrin mìíràn, mo bẹ̀ yín. Kí píńtà tó ṣí ike ọ̀dà, ẹ bi í pé kí ló wà lára ògiri tẹ́lẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ẹ fi sípíríìtì àti òwú hàn án. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń fi sáńpépà ha á, kí eruku rẹ̀ bà yín lára. Ẹ má tí ì san gbogbo owó rẹ̀ o. Lọ́jọ́ tó bá ní òun ti parí, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá mú sẹ́lótéèpù jáde níwájú rẹ̀, kí ẹ já a gbà. Bó bá bínú, ẹ mọ ohun tó ṣe.